Ẹni tí kì í bì, ṣé oyún lè mú un bì?

Ìyàwó ilé kan ní Bódìjà ló kọ̀wé sí mi. Mo gé lẹ́tà rẹ̀ kúrú díẹ̀:

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Màmá Nọ́ọ̀sì. Ẹran ni ìyá mi ń tà, láti kékeré ni mo sì ti ń bá wọn fọ ṣàkì àti ìfun. Kò sí òórùn tó lè lé mi sá. Mò ń jẹun lẹ́bàá títì, inú kì í run mí, n kò sì rántí ìgbà tí mo bì gbẹ̀yìn, àfi tí mo bá wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Èkó tí wọ́n gbé mi sí ìjókòó ẹ̀yìn. Oṣù Kejìlá la ṣe ìgbéyàwó, a sì ń retí kí Ọlọ́run fi oyún jíǹkí wa. Àǹtí ọkọ mi ní tí oyún bá dé, n ó bì bí ajá. Ọ̀rẹ́ mi ní irọ́ ni, pé àwọn tí ikùn wọn kò lágbára nìkan ni oyún ń bá jà. Ta ni kí n gbà gbọ́ nínú wọn? Ṣé ohun kan sì wà tí mo lè ṣe sílẹ̀?"

Ìyàwó, àǹtí ọkọ rẹ ló sún mọ́ òótọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀rọ̀ ajá yẹn kò yẹ lẹ́nu àgbà. Ikùn tí kì í kọ oúnjẹ kò gba ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ èébì oyún. Lẹ́nu iṣẹ́ agbẹ̀bí tí mò ń ṣe nílùú Ìbàdàn yìí, mo ti rí ẹlẹ́ran tí kò lè wo ẹran lójú mọ́. Mo ti rí nọ́ọ̀sì yàrá iṣẹ́ abẹ, ẹni tí ẹ̀jẹ̀ àti egbò kò bà lẹ́rù rí, tí òórùn ọṣẹ ìfọṣọ lé jáde kúrò nínú yàrá ara rẹ̀. Mo sì ti rí obìnrin tí ata díẹ̀ máa ń da inú rẹ̀ rú, tó gbé oyún débi ìkúnlẹ̀ láì bì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Ohun tí ò ń pè ní ikùn tó lágbára, nǹkan méjì ló pa pọ̀ níbẹ̀. Èkíní, òórùn ṣàkì ti mọ́ ọ lára. Ẹni tó dàgbà nídìí igbá ẹran, òórùn rẹ̀ kì í jẹ́ nǹkan kan sí i mọ́. Èkejì, omi kíkan inú ikùn rẹ ń pa púpọ̀ nínú àwọn kòkòrò tó ń bá oúnjẹ wọlé, ara rẹ sì ti kọ́ bó ṣe ń bá àwọn kan nínú wọn jà. Méjèèjì dára, mo bá ọ yọ̀, bí n kò tilẹ̀ fọwọ́ sí oúnjẹ ẹ̀bá títì tí eṣinṣin ti tọ́ wò kó tó kàn ọ́. Ṣùgbọ́n èébì tí oúnjẹ tó ti bàjẹ́ ń fà, inú ikùn ló ti ń bẹ̀rẹ̀. Èébì oyún kì í ti ibẹ̀ wá. Inú orí ló ti ń bẹ̀rẹ̀, ibi ọmọ ló sì ń ránṣẹ́ sí orí.

Ní ọ̀sẹ̀ díẹ̀ àkọ́kọ́ tí oyún bá ti dúró, ibi ọmọ á ti máa tú oríṣiríṣi họ́mọ̀nù sínú ẹ̀jẹ̀ ìyá. Èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ ni hCG; òun ni ìdánwò ìtọ̀ tí ẹ ń rà ní kẹ́mísì ń wá kiri kó tó yọ ìlà méjì. Ìwọ̀n rẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ máa ń ga jù ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 9 sí 10, àkókò yẹn náà sì ni èébì máa ń gbóná jù, ìdí nìyẹn tí àwọn dókítà fi dì í mú fún ọ̀pọ̀ ọdún pé òun ló ń ṣiṣẹ́ ibi. Kò sí ẹni tó ti dá a sílẹ̀ pátápátá. Ṣùgbọ́n lóde òní, họ́mọ̀nù mìíràn tí wọ́n ń pè ní GDF15 ni ojú wà lára rẹ̀ jù.

GDF15 yìí, kò sí ara tí kì í ṣe díẹ̀ nínú rẹ̀, ọkùnrin tàbí obìnrin. Tí oyún bá dé, ibi ọmọ á tú u jáde lọ́pọ̀ yanturu. Ní 2017 ni àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ rí ẹnu ọ̀nà tó ń kàn nínú ara. GFRAL ni wọ́n pè é. Ìsàlẹ̀ ọpọlọ, lápá ẹ̀yìn, ni ẹnu ọ̀nà náà wà, níbi tí ara ti ń pinnu ẹni tí yóò bì àti ẹni tí oúnjẹ kò ní wù. Kò sí irú ẹnu ọ̀nà bẹ́ẹ̀ nínú ikùn. Nítorí náà, bí ikùn rẹ bá jẹ́ irin, iṣẹ́ tí ibi ọmọ rán kò tilẹ̀ gba ọ̀dọ̀ rẹ̀ kọjá.

Ní oṣù Kejìlá 2023 ni ìwádìí kan jáde nínú ìwé ìròyìn Nature, tó fi ẹsẹ̀ ọ̀rọ̀ náà múlẹ̀. Lára àwọn tó ṣe é ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Stephen O'Rahilly ní Cambridge, àti Marlena Fejzo ní Yunifásítì Southern California, obìnrin tí irú èébì yìí ti bá jà rí débi pé oyún bọ́ mọ́ ọn lára ní 1999. Wọ́n rí i pé ọ̀dọ̀ ọmọ àti ibi rẹ̀ ni èyí tó pọ̀ jù nínú GDF15 tó wà lẹ́jẹ̀ aboyún ti ń wá. Wọ́n tún rí i pé obìnrin tí GDF15 rẹ̀ kéré kó tó lóyún ni ìyà ń jẹ jù, nígbà tí àwọn tó ti ní púpọ̀ lára tẹ́lẹ̀, bí àwọn tó ní àrùn ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń pè ní thalassaemia, kì í sábà bì. Ọ̀rọ̀ ata rodo ni: ẹni tó ti ń jẹ ẹ́ láti kékeré, tí wọ́n bá bu ṣíbí kan kún ọbẹ̀, kò ní mọ̀, ẹni tí kò jẹ ẹ́ rí, omi ni yóò máa wá kiri. Agbára tí ọ̀rẹ́ rẹ ń sọ wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n orí ló wà, oúnjẹ ẹ̀bá títì kò sì lè fi hàn ọ́ bóyá o ní in.

Ìyẹn kò sọ pé ikùn á máa wòran. Họ́mọ̀nù mìíràn nínú oyún máa ń mú kí ikùn lọ́ra, kí àmàlà tí o jẹ ní ọ̀sán ṣì wà níbẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, kí omi kíkan máa gòkè wá jó ọ láyà. Imú náà á yí padà. Òórùn tó ti mọ́ ọ lára lè di ọ̀tá lójijì: elúbọ́ tí wọ́n ń rò lórí iná, irú, ata tí wọ́n ń dín nílé kejì, lọ́fínńdà tí ọkọ rẹ ti ń lò láti ọjọ́ tí ẹ ti pàdé. Ní tìrẹ, kò ní yà mí lẹ́nu tó bá jẹ́ ṣàkì gan-an ni yóò kọ́kọ́ yàn ọ́ lódì.

Báwo ló ṣe wọ́pọ̀ tó? Nínú aboyún 10, bí 7 sí 8 ni èébì máa ń gbé tàbí tí wọ́n máa ń bì. Tí a bá ń kà á láti ọjọ́ kìn-ín-ní nǹkan oṣù tó gbẹ̀yìn, ó máa ń bẹ̀rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ 4 sí 6, á gbóná jù ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 9, ọ̀pọ̀ á sì bọ́ nínú rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ 16 sí 20. Àwọn kan wà, bí ẹnì kan nínú 10, tí kò ní fi sílẹ̀ títí ó fi kọjá ìgbà yẹn. Má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn ọ́ pé àárọ̀ nìkan ló máa ń ṣe é. Ó lè jẹ́ ọ̀sán, ó lè jẹ́ òru, ó lè jẹ́ ìgbà tí o bá wà láàárín ọjà.

Ibi tí o fò kọjá wàràwàrà nínú lẹ́tà rẹ ni èmi dúró sí: bọ́ọ̀sì Èkó. O sọ ọ́ bí ẹni pé kò já mọ́ nǹkan, òun gan-an ló já mọ́ nǹkan jù. Obìnrin tí ọkọ̀ máa ń mú bì sún mọ́ èébì oyún ju ẹni tí ọkọ̀ kì í mú lọ, nítorí ibi kan náà nínú ọpọlọ ni ọ̀ràn méjèèjì ń já sí. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tí túúlu máa ń dà láàmú, ẹni tí oògùn ìfètò-sọ́mọ-bíbí oníhóró ti mú kí èébì gbé rí, ẹni tí oyún rẹ̀ ìṣáájú ti mú un bì. Tó bá jẹ́ pé ó bì nínú oyún kan, kó má ṣe retí ohun tó yàtọ̀ púpọ̀ nínú èkejì.

Lẹ́yìn náà, lọ béèrè lọ́wọ́ ìyá rẹ. Má béèrè níwájú àwọn oníbàárà, jókòó tì í ní alẹ́. Àwọn ìyá wa kì í sọ̀rọ̀ yìí. Wọ́n á ní "oyún ni, ó kọjá," wọ́n á sì kó igbá wọn. Béèrè bóyá ó dùbúlẹ̀ nígbà tó lóyún rẹ, bóyá wọ́n fa omi sí i lára, bóyá ó rù. Ìwádìí tí wọ́n ṣe ní Norway tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2010 fi hàn pé ọmọbìnrin tí ìyá rẹ̀ bì débi pé ó wọ ilé ìwòsàn, ó tó ìlọ́po mẹ́ta kí ó rí bẹ́ẹ̀ fún òun náà ju ẹlòmíràn lọ. Béèrè lọ́wọ́ àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ obìnrin pẹ̀lú. Ti àǹtí ọkọ rẹ kò kàn ọ́ níbí. Kì í ṣe ẹ̀jẹ̀ kan náà lẹ jọ ní.

Kí n má gbàgbé ìbejì. Ibi ọmọ tó bá tóbi tàbí tó bá jẹ́ méjì, họ́mọ̀nù rẹ̀ máa ń pọ̀, èébì náà á sì le sí i. Ní ìpínlẹ̀ wa yìí, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀fẹ̀. Láti àwọn ọdún 1960 ni Dókítà Nylander ti Yunifásítì Ìbàdàn ti ń kọ̀wé nípa Ìgbó-Ọrà, níbi tí ìbejì ti ń tó 40 sí 50 nínú ìbí 1000, nígbà tí ti àgbáyé kò ju bí 12 lọ. Tí èébì rẹ bá pọ̀ jù, àwòrán inú tí wọ́n máa ṣe fún ọ kì í ṣe fún ẹwà. Wọ́n ń wá bóyá ọmọ méjì ló wà níbẹ̀, tàbí bóyá oyún èké tó ń wú láìsí ọmọ ni, èyí tí kì í wọ́pọ̀ ṣùgbọ́n tó lè mú ènìyàn bì kọjá ààlà.

Bí o kò bá sì bì rárá ńkọ́? Ó ṣeé ṣe, o lè wà lára àwọn méjì tàbí mẹ́ta inú 10 yẹn, tí wàá sì máa fi ọ̀rọ̀ mi yìí ṣe yẹ̀yẹ́. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wá dẹ́rù bà ọ́ pé oyún tí kì í mú ènìyàn bì kò dúró dáadáa. Àìmọye obìnrin ló bí ọmọ tó pé tó yé láì bì.

Ìdí tí mo fi ń fa ọ̀rọ̀ gùn ni pé "èmi kì í bì" yìí máa ń pa ènìyàn lára. Obìnrin tó mọ ara rẹ̀ ní alágbára kì í tètè sọ̀rọ̀, àwọn ará ilé rẹ̀ náà kì í tètè gbà pé nǹkan ń ṣe é. Wọ́n gbé ọ̀kan wá bá wa nínú takisí Micra lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Elúbọ́ ló ń tà ní Òrítamẹ́rin, obìnrin tó ń gbé àpò láìpe alábàárù. Ìyá ọkọ rẹ̀ ló ṣáájú wọlé, tó sì ti ń ṣàlàyé pé àwa náà lóyún rí, àṣejù ló ń ṣe. Ìyàwó náà ń bọ̀ lẹ́yìn, ó di kọ́ọ̀pù onídèérí tó ń tutọ́ sí mú. Ètè rẹ̀ ti bó. Mo fi ìka méjì fa awọ ẹ̀yìn ọwọ́ rẹ̀ sókè, mo fi í sílẹ̀, awọ náà dúró díẹ̀ kó tó rántí pé ó yẹ kí òun padà. Mo bi í pé ìgbà wo ló tọ̀ gbẹ̀yìn, ó ní àná. Èyí tó rí tọ̀ sínú ike kò ju ìsàlẹ̀ rẹ̀ lọ, ó pupa rúsúrúsú. Mo ti ìwé ìdánwò bọ̀ ọ́, ojú ibi kékeré tó wà ní ìparí rẹ̀ sì yí sí àwọ̀ àlùkò. Ohun tí ìyẹn ń sọ ni pé kò sí oúnjẹ nílẹ̀ mọ́, ara ti ń sun ọ̀rá ara rẹ̀. Káàdì rẹ̀ kà kílò 64 nígbà tó forúkọ sílẹ̀. Orí ìwọ̀n lọ́jọ́ yẹn, 59 ni. Ó wò mí, ó ní, "Màmá, mo rò pé mo lè pa á mọ́ra ni." Ìyá ọkọ rẹ̀ kò wí nǹkan kan mọ́. Kò sí ohun tí wọ́n lè fi pa èyí mọ́ra.

Irú èyí kì í wọ́pọ̀, kò ju ẹnì kan sí mẹ́ta nínú aboyún 100, ṣùgbọ́n agbára kì í yà á sọ́tọ̀. Kate, ìyàwó William ọmọ ọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ ilé ìwòsàn nítorí rẹ̀ ní oṣù Kejìlá 2012, bẹ́ẹ̀ ọjọ́ díẹ̀ ṣáájú ló wà ní ilé ẹ̀kọ́ tó lọ ní kékeré, tó ń fi bàtà gíga gbá bọ́ọ̀lù hockey pẹ̀lú àwọn ọmọ ilé ìwé.

Nítorí náà, má ṣe fi ìfaradà wọn ara rẹ. Fi ìtọ̀ àti kílò wọ̀n ọ́n. Tí omi kò bá dúró nínú rẹ fún odidi ọjọ́ kan, tí o kò bá tọ̀ fún wákàtí mẹ́jọ tàbí tí ìtọ̀ dúdú, tí òòyì bá ń kọ́ ọ nígbà tí o bá dìde, tí o bá bi ẹ̀jẹ̀, tàbí tí o bá pàdánù ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún kílò rẹ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ (ẹni tó jẹ́ 60 tó di 57, ó ti débẹ̀), wọ ọkọ̀, ìbáà ṣe Adéọ̀yọ́ ní Yemẹtu lo forúkọ sílẹ̀ sí, ìbáà ṣe UCH tàbí kílíníìkì ìjọba àdúgbò rẹ. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́ SS kò gbọ́dọ̀ dúró tó bẹ́ẹ̀ rárá, nítorí omi tó bá gbẹ lára rẹ̀ lè dá ìrora egungun sílẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ máa ń pe ẹnì kan ládùúgbò kó wá fa omi sí yín lára nínú pálọ̀, ẹ gbọ́ èyí. Aboyún tó ti ń bì fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, fítámìn B1 ara rẹ̀ ti lè gbẹ tán. Tí wọ́n bá fa omi ṣúgà sí i láìkọ́kọ́ fún un ní B1, ó lè ba ọpọlọ rẹ̀ jẹ́, kí ojú rẹ̀ máa ṣe wérewère, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ má gbé e. Ilé ìwòsàn tó mọṣẹ́ ló mọ èyí tó yẹ kó ṣáájú. N kò bá ẹnikẹ́ni jà, ṣùgbọ́n omi tí wọ́n so mọ́ ìṣó lára ògiri kì í ṣe omi lásán.

Ní ìlú ẹ̀fọn bíi tiwa, gbogbo èébì aboyún kọ́ ni ti oyún. Èébì oyún kì í mú ara gbóná. Tí ibà bá tẹ̀lé e, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ni, kì í ṣe àbá. Ibà ẹ̀fọn nínú oyún lè mú ẹ̀mí lọ. Tí ìtọ̀ bá ń ta ọ́, tí ẹ̀yìn bá ń dùn ọ́, bóyá kòkòrò ti wọ ọ̀nà ìtọ̀. Èébì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wá bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 10, tí kò sí tẹ́lẹ̀, ẹ wá ìdí rẹ̀. Èyí tó bá sì dé nígbà tí oyún ti dàgbà, tí ẹ̀fọ́rí líle bá a rìn, tí ojú ń ṣú, tí òkè ikùn ń dùn, ẹ̀jẹ̀ ríru ni kí ẹ kọ́kọ́ wá, lọ́jọ́ náà.

Wàyí o, tí tìrẹ bá jẹ́ ti gbogbo ayé, kí lo máa ṣe? Má jẹ́ kí ikùn ṣófo. Fi bísíkíìtì gbígbẹ tàbí búrẹ́dì síbi tí ọwọ́ rẹ lè tó láti orí bẹ́ẹ̀dì, jẹ díẹ̀, dúró bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kó o tó dìde. Jẹun díẹ̀díẹ̀ ní wákàtí méjì méjì, má dúró de àwo ńlá. Oúnjẹ tútù kì í rùn tó gbígbóná, ìdí nìyẹn tí ẹ̀kọ tútù, ẹ̀wà tó ti tutù, ọsàn, gúgúrú àti ẹ̀pà fi máa ń gba àwọn aboyún wa. Mu omi láàárín oúnjẹ, kì í ṣe pẹ̀lú oúnjẹ, kó sì jẹ́ fífà díẹ̀díẹ̀. Tí o bá ti bì púpọ̀, po omi iyọ̀ oníṣúgà: ṣíbí tíì mẹ́fà ṣúgà àti ààbọ̀ ṣíbí iyọ̀, kí orí ṣíbí tẹ́jú, sínú omi mímọ́ lítà kan. Jẹ́ kí ẹlòmíràn máa ro àmàlà. Ọkọ rẹ lè rò ó. Tí kò bá mọ̀ ọ́n rò, Ìbàdàn lẹ wà, àmàlà kì í wọ́n láti rà. Àti pé ìjókòó iwájú ni kí o máa gbà nínú ọkọ̀ láti ìsinsìnyí lọ.

Atalẹ̀ ṣe é gbára lé. Wọ́n ti dán an wò dáadáa, ó máa ń rọ èébì gbígbé lójú fún ọ̀pọ̀: gé díẹ̀ sínú omi gbígbóná, mu ún díẹ̀díẹ̀. Orógbó tí àwọn ìyá wa ń fi sẹ́nu, n kò ní já a gbà lọ́wọ́ ẹni tó bá ń rí ìtura níbẹ̀, ẹyọ kan péré. Obì ni kí o ṣọ́ra fún, nítorí kaféènì wà nínú rẹ̀, aboyún kò sì gbọ́dọ̀ mu tàbí jẹ ju mílígíráàmù 200 kaféènì lóòjọ́. Efun àti amọ̀ tí wọ́n ń tà fún aboyún lọ́jà, má fi sẹ́nu. Wọ́n ti rí òjé nínú wọn, òjé sì ń ba ọpọlọ ọmọ inú jẹ́. Àgbo tí a kò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀, pàápàá èyí tí wọ́n fi ọtí rẹ, fi sílẹ̀.

Ọ̀pọ̀ nínú yín ń bẹ̀rù oògùn, mo sì mọ ibi tí ìbẹ̀rù náà ti wá. Láàárín 1957 sí 1961 ni wọ́n ta thalidomide láti Jámánì fún àwọn aboyún tó ń bì, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ ni wọ́n sì bí láìní apá tàbí ẹsẹ̀ tó pé. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń wo oògùn aboyún tinútẹ̀yìn. Doxylamine, oògùn èébì oyún tí wọ́n pò mọ́ fítámìn B6, kúrò lọ́jà Amẹ́ríkà ní 1983, kì í ṣe pé ó pa ọmọ lára, ẹjọ́ ló pọ̀ jù fún ilé iṣẹ́ náà. Ó padà ní 2013 lẹ́yìn ìwádìí lóríṣiríṣi. B6 nìkan, mílígíráàmù 10 sí 25 nígbà mẹ́ta lóòjọ́, kò wọ́n, òun la sì máa ń kọ́kọ́ fún ènìyàn. Tí kò bá ká a, àwọn oògùn mìíràn wà tí dókítà mọ bí a ṣe ń lò. Sọ fún nọ́ọ̀sì rẹ. Tó bá jẹ́ oògùn ẹ̀jẹ̀ onírin ló ń dá èébì rẹ sílẹ̀, ó lè ní kí o sinmi rẹ̀ títí ọ̀sẹ̀ líle yẹn yóò fi kọjá. Folic acid ni kí o má dá dúró.

O béèrè bóyá ohun kan wà láti ṣe sílẹ̀. Ó wà, o sì béèrè ní àsìkò tó dára jù, nígbà tí oyún kò tíì dé. Àwọn obìnrin tó ti ń lo fítámìn aboyún fún oṣù kan ó kéré tán kí wọ́n tó lóyún, èébì wọn kì í sábà le tó ti àwọn tí kò lò ó. Rà á ní kẹ́mísì lọ́sẹ̀ yìí, wo ẹ̀yìn páálí rẹ̀ kí folic acid inú rẹ̀ tó máíkírógíráàmù 400, kí o máa lo ẹyọ kan lóòjọ́, lálẹ́ lẹ́yìn oúnjẹ. Tí ìwọ àti ọkọ rẹ kò bá tíì ṣe àyẹ̀wò irú ẹ̀jẹ̀ (genotype), ẹ ṣe é. Gun ìwọ̀n kí o kọ kílò rẹ sílẹ̀ síbi tí o ti lè rí i, nítorí nọ́ńbà yẹn ni nọ́ọ̀sì rẹ yóò béèrè. Ohun tí ìyá rẹ bá sọ fún ọ nípa oyún tirẹ̀, kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.